Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn

Ẹ̀yìn ló ń dun ọkùnrin kan, ẹnu ò dùn ún rárá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń dìde lórí ibùsùn díẹ̀díẹ̀ bí olè, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe, ìdúró àti bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá dá a dúró sílé, kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà á ju ìrora lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, òun àtìyàwó jókòó síwájú dókítà, ọ̀dọ́bìnrin onísùúrù kan.

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn á dín ìrora yín kù, sà," ni dókítà wí.

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó lè tó oṣù díẹ̀. Ó sì lè má ṣiṣẹ́ rárá."

"Ṣúgà mi ńkọ́?"

"Ó lè lọ sókè fún ọjọ́ díẹ̀."

"Eegun?"

"Bí a bá ń gún un léraléra, eegun lè di ẹlẹgẹ́. A kì í gún un lágúnjù."

"Bí kòkòrò àrùn bá gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé ńkọ́? Bí ọwọ́ ẹni tó ń gún un bá yẹ̀?"

"Kò wọ́pọ̀, sà, àmọ́ mi ò ní purọ́ pé kì í ṣẹlẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Dádì, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gún o. Ṣé báyìí làwọn yòókù ṣe ń béèrè ni?"

Òógùn ti bo imú ọkùnrin náà. Ó mọ bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe gùn tó.

"Ẹ jẹ́ n lọ rò ó ná," ó wí. "Ẹ̀mí ò ní dúpilikéètì."

"Ẹ̀tọ́ yín ni, sà. Ẹni tá a bá fẹ́ gún gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀ kó tó gbà."

"Òótọ́ ni," ó wí, ó ń wolẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé, ó gba ibi iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fọwọ́ ti ìbàdí, ó rọra rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan, ó sì wọlé.

Níbẹ̀ ló ti fọ ọwọ́, ó gbé ẹ̀wù funfun rẹ̀ wọ̀, ó fa irú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kan náà yẹn, ó sì fọwọ́ gbá ìyá àgbà tó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì léjìká jẹ́jẹ́: "Màmá, kí ni gbogbo ìbéèrè yìí? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gún un fáwọn èèyàn, kò ju kí ẹ̀fọn jẹ yín lọ."