Igun Tí Kò Tàn

Gil Vandermeer, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe nílùú Troy, kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí Lorna ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ ní ilé ìwádìí sétí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àlejò wá wo ẹ̀rọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi òun dán an wò. Inú Lorna dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ ẹ́.

Ó de ìgbànú ẹ̀rọ náà mọ́ ọn láyà. Iná mànàmáná díẹ̀, tí ara kì í mọ̀, ló ń gba inú ìgbànú náà wọ ara Gil. Omi àti ẹran máa ń jẹ́ kí iná kọjá, atẹ́gùn kì í jẹ́. Ibi tí atẹ́gùn bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ojú ẹ̀rọ á tàn.

"Dókítà mi," Gil ní, "ṣé o ò ní yan mí bíi tòlótòló ọdún Ìdúpẹ́?"

"Dákẹ́, jàre. Mí."

"Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, ṣé á hàn?"

"Á hàn gbangba. Mí, mo ní."

Gil mí. Apá ọ̀tún tàn. Apá òsì náà tàn, àfi igun kan nísàlẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ìgbànú yẹn ti yẹ̀," ni Anselm wí, ẹni tí òun àti Lorna jọ kọ́ ẹ̀rọ náà.

Lorna tún un de. Igun náà kò tàn. Ó pààrọ̀ wáyà, kò tàn. Òógùn bò ó nímú. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́la ló ń náwó sí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì lè fi ẹnu lásán ti ilé ìwádìí náà pa.

"Ẹ̀rọ yìí fẹ́ dójú tì wá," Anselm ní.

"Má bú u," Gil dáhùn jẹ́ẹ́. "De ìgbànú mọ́ ara tìẹ ká wò ó."

Anselm bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó mí. Àyà rẹ̀ tàn láti òkè délẹ̀, láìku igun kan.

Anselm kó aṣọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ bu kọfí, kò sì mú ife dání.

Lorna tún de ìgbànú náà mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Mí, Gil. Jọ̀ọ́, mí dáadáa."

Gil mí títí ikọ́ fi gbé e. Eruku igi ni, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Lorna na ọwọ́ láti yí ojú ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ rẹ̀ má baà rí igun dúdú náà, ṣùgbọ́n Gil di ọwọ́ ọ̀hún mú.

"Fi í sílẹ̀. Wò ó dáadáa."

"Kò lè jẹ́ nǹkan kan, Gil. Ká mú ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà gidi, á wò ó, á ní—"

"Dókítà gidi ti rí i láti ìgbà tí ewé ti ń rẹ̀ dànù," Gil ní, "alaalẹ́ ni mo ń fẹ́ sọ fún ọ, ẹnu mi ò gbà á, ni mo ṣe wá kí ẹ̀rọ tó o fọwọ́ ara rẹ kọ́ lè bá mi sọ ọ́."