Ilẹ̀kùn Tó Gba Orúkọ Láníhùn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ sún mọ́bí, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo mú wá, kò sírọ́ ńbẹ̀.

Oníkọ̀ǹpútà kan n'Íbàdàn, Ṣíjúwadé, ló ń kọ kóòdù, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, tó ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn. Tóo bá tẹ "ṣí," á ṣí. Tóo bá tẹ "tì," á tì. Kóòdù ọ̀fẹ́ kan tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń bá a yẹ ọ̀rọ̀ téèyàn bá tẹ̀ wò. Èyí tí wọn ò bá kọ́ ọ, á ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń dán an wò. Ó tẹ "ewúrẹ́." "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ó tẹ "ẹ̀kọ tútù." "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ló bá tẹ orúkọ Láníhùn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Kọ̀ǹpútà wá kọ ọ́ pé, "Ó ti ń bọ̀."

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì wọn kígbe láti ìsàlẹ̀: "Ṣíjú! Ọ̀rẹ́ ẹ tó ń gòkè bọ̀ yìí mà ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ o! Mo kí i, kò dáhùn. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ti ba gbogbo àtẹ̀gùn mi jẹ́!"

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá ọ̀hún ní. Ó ti tì í tẹ́lẹ̀ o, síbẹ̀ Ṣíjú sáré tún tẹ "tì."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó tún un tẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ilẹ̀kùn rọra ṣí, òórùn amọ̀ tútù sì wọlé.

Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó kọ tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi o, bọ́wọ́ ẹ̀ bá ṣì lè kọ̀wé.