Ọmọ Tí Jayéọlá Mú Wá láti Uselu

Ọ̀gbẹ́ni Babájídé Jayéọlá kò ka ẹnikẹ́ni sí ní Benin, àfi ara rẹ̀. Ọ̀gá ni ní báǹkì kan. Òun náà ni ó ń darí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ju bọ́ọ̀lù kan wọ inú àwọ̀n rí láyé rẹ̀. Nígbà tí iléèwé kan ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ pé àwọn ń wá ọmọ kan tó ga, tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kí àwọn wá kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ilé rẹ̀ ní Ekenwan Road ni ó ní kí àlejò wọn dé sí.

Dónà ni àlejò náà ń jẹ́, obìnrin òyìnbó kan tó ga bí òpó iná, tó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Jayéọlá á rẹ́rìn-ín, á dá a lóhùn. Tó bá ti yíjú báyìí, á sọ fún Tèmidire ìyàwó rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú orí òyìnbó yìí, pé bí èèyàn bá fa ewúrẹ́ wá tó pè é ní eléré, yóò gbà. Tèmidire, ìyá ọmọ méjì, á máa ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọjú sí pápá, àti pé bí eléré kankan bá wọlé, kó jókòó sí ilé ìdáná, torí obìnrin kì í mọ ẹnu pa mọ́.

Kí Dónà tó wọ bàálù ni Jayéọlá ti yan ẹni tí yóò bá a lọ. Gbéminíyì ni, tó ń gbé ní Uselu, lẹ́yìn ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Jayéọlá sọ fún Dónà pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti ṣèlérí fún ìyá Gbéminíyì pé dandan ni kí ọmọ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ìyá yìí nìkan sì ni ẹ̀dá tí Jayéọlá ń bẹ̀rù. Ìyá náà ti sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá forí ṣánpọ́n, kó má tẹ àgbàlá òun mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní pápá Ekosodin, ọmọ kan tó ń jẹ́ Pẹ̀lúmi mọ bọ́ọ̀lù ju gbogbo wọn lọ. Benin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó rìn lọ bá Jayéọlá, ó dúró gbagidi, ó ní, "Uncle, how far?" Jayéọlá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Dónà béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù.

"Kò ní ẹ̀kọ́ ilé," ni Jayéọlá wí. "Ọmọ Yorùbá tó bá rí àgbà, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀yin òyìnbó kò lè mọ̀ ọ́n."

Dónà ní ṣé àgbà náà máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé nígbà mìíràn.

"Láéláé. Ọjọ́ tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ayé ti dorí kodò nìyẹn."

Dónà dúpẹ́. Jayéọlá fi Yorùbá sọ fún àwọn ọmọ pé ó kéré tán, òyìnbó yóò mú ọgbọ́n kan lọ sílé.

Láràárọ̀ ni òun àti Dónà ń fi mọ́tò lọ gbé Gbéminíyì. Jayéọlá á ní kí Dónà dúró sínú mọ́tò torí ìdọ̀tí, á dá wọ inú àgbàlá lọ. Tó bá máa jáde, erùpẹ̀ pupa Uselu á ti wà ní àyà ẹ̀wù funfun rẹ̀. Á gbọ̀n ọ́n nù, á ṣépè fún àwọn mẹkáníìkì pé ọ̀bùn ni gbogbo wọn. Dónà á na hánkáṣíìfù sí i.

Gbéminíyì gbìyànjú ní pápá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí á fi di ìbàdí mú. Jayéọlá ní egungun rẹ̀ ló ṣì ń dàgbà. Nígbà kan, bọ́ọ̀lù yí lọ sábẹ́ máńgòrò, Pẹ̀lúmi jókòó síbẹ̀ jù ú padà, ó sì wọ inú àwọ̀n tààrà. Jayéọlá ní afẹ́fẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí Dónà máa padà, òjò ti ba ọ̀nà Uselu jẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Gbéminíyì pé kó wọ kẹ̀kẹ́ wá. Dónà jókòó sí pálọ̀, ó ní gíga Gbéminíyì wu iléèwé òun, òun yóò mú un bí Jayéọlá bá lè jẹ́rìí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ nípa ọmọ náà. Bí irọ́ kan bá wà níbẹ̀, Pẹ̀lúmi ni yóò lọ.

Jayéọlá gbé ọwọ́ lé àyà. "Òótọ́ ni. Ọmọdé ni. Bí mo ṣe mọ ọmọ tèmi ni mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Dónà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Jayéọlá rẹ́rìn-ín, ó ń ronú bí yóò ṣe wọ àgbàlá ìyá náà tàgbára-tàgbára.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí tí Gbéminíyì kí wọn, kí Jayéọlá sì tó rántí ara rẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láràárọ̀ ní Uselu, Tèmidire náà sì ti gbọ́ ohùn láti ilé ìdáná, ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."