Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ìwé ìkìlọ̀ méjì ti wà lọ́wọ́ Rauf ní iléeṣẹ́ ìgò tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango. Bó bá fi lè dé lẹ́yìn aago méje àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ilé ìwòsàn iléeṣẹ́ kò sì ní fa ẹ̀jẹ̀ sí Àìṣát, ọmọ rẹ̀, lára mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìrora ọmọ yìí náà ni kì í jẹ́ kó tètè kúrò nílé wọn ní Itele.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó lọ bá Àbáyọ̀mí, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ fi ń tẹ̀ka wọlé ṣe.

"Bá mi dá aago ẹ̀rọ yẹn sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré."

"Aago ni mo lè dá sẹ́yìn, Rauf. Àkókò kò ní rìfáàsì."

"Irọ́ ni! Ojoojúmọ́ ni mò ń da àfọ́kù síná tó ń padà di ìgò."

"Ìgò mìíràn nìyẹn. Èyí tó fọ́ ti fọ́. Nǹkan kì í ṣẹlẹ̀ ṣáájú ohun tó fà á."

"Fi gírámà sílẹ̀, jọ̀ọ́. Ọmọ mi ń kú lọ."

Àbáyọ̀mí sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Rauf délé, Toyibat, ìyàwó rẹ̀, ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó ní òun ń gbá òwú alántakùn kúrò lẹ́yìn aago ògiri. Aago yẹn nìkan ló kù nílé. Fóònù Rauf ṣì wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe.

Lọ́jọ́ kejì, aago ògiri ti lu mẹ́fà ààbọ̀ kí Rauf tó rọ́nà jáde. Kò sáré. Obìnrin oníbúrẹ́dì oríta kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù; Rauf rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ojú ọ̀run dúdú. Ó rò pé òjò ló ṣú.

Silas, ọlọ́dẹ, ń fa ṣéènì kúrò lára géètì iléeṣẹ́.

"Rauf! Ìwọ lo ṣáájú gbogbo ayé lónìí? Ayé ti fẹ́ parẹ́!"

Bó ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Rauf pòṣé, ó tẹ àtàǹpàkò, iná aláwọ̀ ewé tàn. Silas kọ àsìkò tó ṣí géètì sínú ìwé rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Màdáámù Oyèwùmí, ọ̀gá òṣìṣẹ́, ránṣẹ́ pè é.

"Silas ṣí géètì ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀sì kó àwọn tó kù dé. Ìwọ nìkan ni ẹ̀rọ ní ó wọlé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rauf, ibo lo gbà wọlé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn?"

Rauf dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màdáámù, ẹ ṣàánú mi. Nítorí ọmọ mi ni." Ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, àyàfi orúkọ Àbáyọ̀mí.

Ó ki lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fún un sápò, ó forí lé Itele.

Toyibat ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Bàbá Àìṣát, ẹ ò pẹ́ lónìí, àbí? Èmi ni mo ti aago ògiri síwájú lánàá, ogójì ìṣẹ́jú gbáko!"