Ebè Tó Ga Dé Ìbàdí

Ìgbà kẹta nìyí tí ebè náà wó láàárọ̀ yẹn. Àwọn ìtì igi jíjẹrà yí dànù, erùpẹ̀ sì bo bàtà ìyàwó Korbinian àgbẹ̀ mọ́lẹ̀.

Notburga, aládùúgbò rẹ̀, yọjú lórí ògiri ọgbà. "Ṣé gbogbo òkè tó yí àgbègbè Lungau wa ká ò tó ọ ni, tó o tún ń mọ tìẹ? Gbin ẹ̀fọ́ rẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bíi tèmi."

"Ó gbọ́dọ̀ ga dé ibi tọ́wọ́ Korbinian máa tó látorí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀."

Notburga yíjú sí ilé. Korbinian wà lẹ́nu ọ̀nà nínú kẹ̀kẹ́ arọ, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lásìkò yìnyín, kò tíì sọ̀rọ̀ kan.

Ìyàwó rẹ̀ tún igi tò, ó kó koríko àti erùpẹ̀ lé e. Ó tún wó. Inú bí i, ó ju ṣọ́bìrì nù, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Ìtì ńlá… nísàlẹ̀." Ohùn kan ló ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ó ń wọ́, ìkanra sì kún inú rẹ̀. "Olórí kunkun."

Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí iṣẹ́ burúkú sú.

"Tún un sọ," ni obìnrin náà wí.