Fódà tí Kọ̀ǹpútà Ò Rí

Lọ́dún tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìlọrin, Alájà Sakinah, agbẹ̀bí, ra ọ̀kan sí ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ní àdúgbò Fate. Salimat ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, bó ṣe ní kóun ṣí ètò tí orúkọ àwọn aláboyún wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀: òun ò rí fódà, ìyẹn àpò fáìlì, tí wọ́n ní kóun máa kọ́kọ́ ṣí.

“Ránṣẹ́ sí Àbdùlkàrímù,” ni Alájà wí. “Èmi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń tan nǹkan yẹn.”

Nítòsí Post Office ni Àbdùlkàrímù ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Nígbà tó dé, ó wo ibi tí orúkọ fódà náà wà nínú ètò. Dípò “Alaboyun”, “Alaboyunn” ló bá níbẹ̀. Ó pa lẹ́tà kan rẹ́, ó tún ètò náà ṣí, orúkọ àwọn èèyàn sì tò wálẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, fódà tún sọnù.

“Irú àtúnṣe wo nìyí?” Salimat bi í. Àwọn obìnrin orí bẹ́ńṣì ti ń kùn pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò mọṣẹ́.

“Mo tún un ṣe. Ẹnìkan ló ń fọwọ́ kàn án.”

“Èmi nìkan ló ń lò ó!”

“Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.”

Salimat fajú ro, ṣùgbọ́n ó bu wàrà fún un. Alájà ní kó jókòó jẹ ẹ́, kó má kánjú.

Bó ṣe ń rí ní gbogbo Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ká Àbdùlkàrímù lára níbẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ ló ń ta ọjà oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tó yá, ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Salimat ló ń ṣe é kóun lè máa wá. Inú rẹ̀ dùn. Láti Ọjọ́ Àìkú ló ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n so yìgì òun àti Salimat. Nígbà tí àlejò túká, ó ní, “Ó yá, jẹ́wọ́. Ìwọ lò ń ba fódà yẹn jẹ́.”

“Èmi? Ẹ̀yin mà ni! Mo ṣáà rò pé ẹ fẹ́ máa rí mi ni.”

“Wàláhì, èmi kọ́.”

Kò sẹ́ni tó gba ẹnìkejì gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kí Lami, àbúrò Salimat obìnrin tí ò tíì lọ́kọ, tó débi iṣẹ́ tuntun rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, Alájà Sakinah fi gíláàsì sójú, ó fi ìka kan tẹ lẹ́tà kan kún orúkọ fódà náà, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn oníkọ̀ǹpútà ìtòsí Post Office pé kí wọ́n bá òun wá ẹlòmíràn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹni tí ò tíì láya.