Ọjọ́ Tí Mọ́tò Bá Délé

Mọ́tò tí kò ní òrùlé, ilẹ̀ rẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Akínladé wẹ́dà fi kọ́kọ́ jó irin gbọọrọ mọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́tò Bàbá Ọláyídé, kó tó gé ilẹ̀ tí ìpẹtà ti jẹ kúrò. Láìṣe bẹ́ẹ̀, mọ́tò á ká bí ẹní.

"Bàbá ní ọjọ́ tí mọ́tò bá délé làwọn máa lọ sílé," ni Màmá Ọláyídé wí.

Inú Akínladé dùn. Láti Jos tí wọ́n ń gbé dé Èkìtì ìlú wọn kì í ṣe ọ̀nà kékeré, ilẹ̀ mọ́tò gbọ́dọ̀ le.

Ṣùgbọ́n àléébù ni màmá ń wá bí adìyẹ tó ń wá kòkòrò.

"Haba, Akínladé! Páànù yìí fẹ́lẹ́. Tú u."

Ó tú u.

"Ibí yìí wọ́. Tún un jó."

Ó tún un jó.

"Màmá, ṣé ẹ̀rù ọ̀nà ló ń bà yín ni? Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa lọ o!"

Màmá tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ mọ́tò.

Lónìí, iṣẹ́ parí. Akínladé gé irin tó fi gbé mọ́tò ró kúrò, ìlẹ̀kùn sì pa dé wẹ́kú.

Ó sáré lọ ròyìn ayọ̀ nílé wọn ní àdúgbò Ali Kazaure.

Orí bẹ́ẹ̀dì ló bá Bàbá. Wọn ò lè dá jókòó.

Ilé méjì làgbà ní, ti ayé àti ti ọ̀run. Akínladé ò bèèrè èwo ni Bàbá ń lọ.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti parí?" ni Bàbá wí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó ti rẹ̀ mí."

Màmá di ọwọ́ ọkọ wọn mú, wọ́n tẹjú mọ́ Akínladé.

Akínladé wo ojú Màmá, ó yíjú sí Bàbá.

"Ó kù díẹ̀, sà. Mo tún rí ìpẹtà."